Ìbọn tó bófin mu wà nínú ọkọ̀, ọlọ́pàá sì dá wa dúró: kí ni ká sọ, ìgbà wo sì ni?

Ará Alief, Houston

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì mọ̀ pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan nínú yín. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti gba ìwé àṣẹ ìbọn ní ìpínlẹ̀ Texas, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ni mo ní, èmi náà ni mo sì máa ń gbé owó ọjọ́ lọ sílé lálẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, mo rí iná ọlọ́pàá lẹ́yìn mi, nítorí pé iná ẹ̀yìn ọkọ̀ mi kan ti kú láìjẹ́ pé mo mọ̀. Ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn ọmọ wa kékeré méjì ń sùn lẹ́yìn. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo dúró. Ọlọ́pàá náà kí wa dáadáa, ó ní kí n mú ìwé ìwakọ̀ mi àti ìwé ìnṣọ́ránsì wá. Ẹ̀yin ará, inú píjìnhóòlù iwájú ọkọ̀ ni ìwé ìnṣọ́ránsì náà wà, ibẹ̀ náà ni ìbọn mi sì wà. Ọwọ́ mi ti ṣí i kí ọkàn mi tó rántí.

Iná tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bọ́ sórí ìdí ìbọn náà. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tí ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìbàdí, mo sì gbọ́ tí ohùn rẹ̀ yí padà, ó ní kí n má mira. Mo dúró gbagidi, apá ọ̀tún mi ṣì nà kọjá níwájú ìyàwó mi, mo ń wo ìka mi tí ó ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni mo sì wà títí tí ọlọ́pàá kejì fi dé. Wọ́n mú ìbọn náà, wọ́n yẹ ìwé mi wò, wọ́n dá ìbọn mi padà fún mi kí wọ́n tó lọ, wọ́n sì ní kí n tètè tún iná ọkọ̀ mi ṣe. Wọn kò bú mi, wọn kò sì fìyà jẹ mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, bí ìdajì wákàtí ni ìyàwó mi fi jókòó sínú ọkọ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó lè gbé e. Ìbéèrè mi ni pé, ìgbà wo gan-an ni ó yẹ kí n ti sọ, irú ọ̀rọ̀ wo sì ni ó yẹ kí n lò? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ èyí tí ẹ mọ̀ dájú, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i kà.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Houston

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu, ẹ bá wa kí ìyàwó yín pé wọ́n kú orí ire. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara òfin ìpínlẹ̀ wa níbí. Bí ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ bá gbé ìbọn ìléwọ́ sára tàbí sí ìtòsí rẹ̀, tí ọlọ́pàá sì béèrè ìwé ìdánimọ̀, ìwé méjèèjì ni òfin Texas ní kí ó fi hàn, ìyẹn ìwé ìwakọ̀ àti ìwé ìbọn. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti mú ìjìyà kúrò lórí ẹni tí kò bá fi hàn, ṣùgbọ́n òfin náà ṣì wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 sì ni ẹni tó ti pé ọdún 21, tí òfin kò dè lọ́wọ́, ti lè gbé ìbọn ìléwọ́ ní Texas láìgba ìwé rárá, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé e tí kò ní káàdì kankan tó lè bá a sọ̀rọ̀. Àwa tí a ní káàdì ní àǹfààní kan: bí a bá na káàdì méjèèjì sí ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀kan náà, káàdì kejì ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ fún wa.

Ṣùgbọ́n ibi tí káàdì náà wà ni wàhálà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba ìbọn, inú báàgì ọwọ́ mi ni mo ń gbé e sí, nítorí pé aṣọ iṣẹ́ wa kò ní ibi tí a lè so àkọ̀ ìbọn mọ́. Ìwé ìwakọ̀ mi náà sì wà nínú báàgì yẹn. Ọlọ́pàá dá mi dúró ní aago márùn-ún ìdájí nígbà tí mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó ní kí n mú ìwé wá, mo sì rí i pé kò sí bí mo ṣe lè mú un láìki ọwọ́ bọ inú ibi tí ìbọn wà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn, mo sì sọ fún un bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ̀kalẹ̀, kí n fi báàgì náà sílẹ̀ sórí àga. Ọjọ́ kejì ni mo ra ike tí a máa ń fi káàdì ilé iṣẹ́ sí. Mo kó ìwé ìwakọ̀, ìwé ìbọn àti ìwé ìnṣọ́ránsì sínú rẹ̀ pọ̀, mo fi há pátákó tí a fi ń dí oòrùn lókè sítíárìn. Bí mo bá ti ń yà sí ẹ̀gbẹ́ títì báyìí, ọ̀nà ti jìn sí ara wọn láàárín ìwé àti ìbọn.

Ọmọ Yorùbá Nínú Aṣọ Ọlọ́pàá, Texas

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín ní ibí fún ìgbà pípẹ́ láì dá sí i, ṣùgbọ́n èyí kan mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí iṣẹ́ mi ni. Èrò ti ara mi ni mo ń sọ, kì í ṣe ti àwọn ọ̀gá mi. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ní Texas, bí mo bá ti tẹ nọ́ńbà ìwé ìwakọ̀ yín sínú kọ̀ǹpútà, yóò fi hàn mí bí ẹ bá ní ìwé àṣẹ ìbọn. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ìwé, tí kò sì sọ, kò pa nǹkan kan mọ́ fún mi. Ohun tí ó ṣe ni pé ó jẹ́ kí n gbọ́ ọ láti ẹnu ẹ̀rọ dípò kí n gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀, ara mi kò sì lè balẹ̀ bákan náà.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ má ṣe fi «gun» bẹ̀rẹ̀ láéláé. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni àwa ọlọ́pàá máa ń kígbe sí ara wa nígbà tí a bá rí ewu, bí ẹnì kejì mi tó wà ní òdìkejì ọkọ̀ bá sì gbọ́ ọ láàárín ariwo títì, kò ní gbọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀ tàbí èyí tó tẹ̀lé e. Ìwé àṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ sọ pé ẹ ní ìwé àṣẹ láti gbé ohun ìjà, ẹ sọ ibi tí ohun náà wà ní pàtó, ẹ sì béèrè ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Ẹ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tí kò lọ́, ẹ sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ọwọ́ yín méjèèjì sì wà lókè sítíárìn ní gbogbo àkókò tí ẹ fi ń sọ ọ́. Kí ẹ tó rí mi lẹ́nu fèrèsé, ẹ ti pa ọkọ̀, ẹ ti tan iná inú rẹ̀ bí ó bá jẹ́ alẹ́, ẹ sì ti sọ gíláàsì kalẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń mú ènìyàn ṣìnà. Bí ọlọ́pàá bá sọ pé kí ẹ jẹ́ kí òun rí i, ẹ má ṣe yọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé ìwé ni ó ń sọ, ó lè jẹ́ ìbọn. Ẹ̀yin kò mọ̀. Ẹ sọ pé ẹ kò fẹ́ fi ọwọ́ kàn án, ẹ sì bi í léèrè bí òun ṣe fẹ́ kí ẹ ṣe é. Òfin fún wa láyè láti gba ìbọn náà pamọ́ bí a bá rí i pé ààbò béèrè fún un, bí kò bá sì sí ẹ̀sùn, a gbọ́dọ̀ dá a padà kí ẹni náà tó kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbà á, kì í ṣe pé wọ́n gba ohun ìní yín títí ayé. Ẹ má ṣe bá wọn jiyàn lórí rẹ̀ ní ẹ̀bá títì.

Ará Minnesota

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Mi ò lè ka ohun tí ẹ kọ láì rántí Philando Castile, nítorí ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ kò jìnnà sí ilé wa, mo sì máa ń gba ọ̀nà náà kọjá. Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, ọmọ ọdún 32 ni, ilé oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ kan ní St. Paul ni ó ń bójú tó. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2016, ọlọ́pàá dá a dúró ní Falcon Heights, wọ́n ní iná ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ kò tàn. Ẹ ṣàkíyèsí o, ará Alief, irú iná tó kú nínú ọkọ̀ tiyín náà ni. Olólùfẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin wà lẹ́yìn. Ó ní ìwé àṣẹ ìbọn. Ó ti na ìwé ìnṣọ́ránsì sí ọlọ́pàá náà, lẹ́yìn náà ni ó fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé ohun ìjà wà lára òun. Ọlọ́pàá náà ní kí ó má ṣe na ọwọ́ sí i. Ó dáhùn pé òun kò yọ ọ́. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìbọn dún nígbà méje. Olólùfẹ́ rẹ̀ fi èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ han gbogbo ayé lórí Facebook. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, àwọn adájọ́ ará ìlú sọ pé ọlọ́pàá náà, Jeronimo Yanez, kò jẹ̀bi.

Òfin Minnesota kò sọ pé dandan ni kí Philando sọ ọ́ láì jẹ́ pé wọ́n bi í léèrè. Ó fúnra rẹ̀ ló sọ, nítorí pé ó fẹ́ ṣe ohun tó tọ́. Ẹ má ṣe gbọ́ mi bí ẹni tó ń dá a lẹ́bi. Kò sí ẹ̀bi kankan tí mo lè rí lọ́rùn rẹ̀, omi sì máa ń bọ́ lójú mi nígbà tí mo bá ronú kan ọmọ kékeré yẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo ti fi kọ́ ara mi láti inú rẹ̀. Wọ́n ti ní kí ó mú ìwé ìwakọ̀ wá, lójijì wọ́n tún ní kí ó má na ọwọ́. Àṣẹ méjì ló wà níwájú rẹ̀ tí ó ń ta ko ara wọn. Nítorí náà, mo ti sọ fún ara mi pé bí àṣẹ méjì bá ta kora, ọwọ́ mi kò gbọdọ̀ tẹ̀lé èyíkéyìí nínú wọn. Ẹnu ni yóò ṣiṣẹ́: «Ọwọ́ mi wà lórí sítíárìn, mi ò ní gbé e títí ẹ ó fi sọ èyí tí ẹ fẹ́.» Kí ìwé ti wà lọ́wọ́ kí ọlọ́pàá tó dé ẹnu fèrèsé, bí Nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé, dára púpọ̀, nítorí pé ọwọ́ tí kò ní ohun tí yóò lọ mú kò ní ìdí láti kúrò lójú.

Ará Atlanta

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo ohun tí ẹ ti sọ, ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn pé kí a máa sọ ọ́ níbi gbogbo. Ní Georgia tí mo wà, òfin kò fi dandan lé e pé kí n sọ, láti oṣù Kẹrin ọdún 2022 sì ni òfin ti gbà kí ẹni tí kò ní ẹ̀sùn lọ́rùn gbé e láìsí ìwé. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti eré àsápajúdé, tí ìbọn mi sì wà nínú àkọ̀ lábẹ́ aṣọ, tí mi ò ní sọ̀kalẹ̀, kí ni ìdí tí n ó fi sọ ọ́ fún ẹni tí kò béèrè?

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ Shaneen Allen. Ìyá ọlọ́mọ méjì ni, ará Philadelphia, ó ní ìwé àṣẹ ìbọn ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ó sọdá sí New Jersey, ọlọ́pàá dá a dúró nítorí ọ̀rọ̀ ìwakọ̀ lásán, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ fún wọn pé ìbọn wà lọ́wọ́ òun, tí ó sì fi ìwé rẹ̀ hàn. New Jersey kò ka ìwé Pennsylvania sí. Wọ́n mú un, ó lò ju oṣù kan lọ ní àtìmọ́lé, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án sì lè gbé e lọ sẹ́wọ̀n fún ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀, ó kéré tán. Oṣù Kẹrin ọdún 2015 ni Gómìnà Chris Christie tó dárí jì í. Òótọ́ tí obìnrin yìí sọ ló kó o sí wàhálà. Èmi yóò dáhùn bí wọ́n bá bi mí, n kò sì ní purọ́, ṣùgbọ́n n kò ní ṣáájú ìbéèrè.

Ọmọ Yorùbá Nínú Aṣọ Ọlọ́pàá, Texas

Àbúrò, mo gbọ́ yín, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ níbi tí òfin ti gbà yín láyè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe sísọ ló kó Shaneen Allen sí àtìmọ́lé. Bí ó ti gbé ìbọn sọdá ààlà ni. Nípa ti dídákẹ́, ohun tí n ó bi yín ni pé, bí mo bá ní kí ẹ sọ̀kalẹ̀ ńkọ́? Láti ọdún 1977 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ pé ọlọ́pàá lè ní kí awakọ̀ tí wọ́n bá dá dúró lọ́nà òfin jáde kúrò nínú ọkọ̀, ní 1997 wọ́n sọ bákan náà nípa ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ tí aṣọ yín ká sókè, ojú mi ni yóò kọ́kọ́ bá ìbọn náà pàdé, etí mi kò ní tíì gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bí ẹ bá yàn láti dákẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ la ẹnu ni kí ẹ tó tú bẹ́líìtì.

Ará Atlanta

Mo gba ìyẹn. Kí n tó tú bẹ́líìtì. N ó fi kún ti mi.

Awakọ̀ Tírélà

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ ààlà yìí ni iṣẹ́ mi. Láti Houston lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, bí mo bá ti wọ Louisiana, òfin ti yí padà. Níbẹ̀, ẹni tí ó gbé ìbọn pẹ̀lú ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ọlọ́pàá tí ó bá tọ̀ ọ́ wá, kí ó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ bà á lára wò, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n gba ìbọn náà pamọ́ fún ìgbà díẹ̀. Georgia kò béèrè. Bí mo bá dé North Carolina, dandan tún ni kí n sọ ọ́ bí ọlọ́pàá bá ti tọ̀ mí wá tàbí tí ó bá mi sọ̀rọ̀, kí n sì fi ìwé hàn. Virginia kò ní kí n sọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá béèrè ìwé, mo gbọ́dọ̀ fi hàn. Ẹnu ibodè Maryland ni gbogbo rẹ̀ parí sí: Maryland kò gba ìwé ìpínlẹ̀ mìíràn rárá, ìlú Washington kò gbà á, New Jersey kò gbà á. Àwọn tó ń gba Michigan kọjá, kí ẹ mọ̀ pé níbẹ̀, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni kí ẹ sọ. Ẹni tí kò bá sọ yóò san owó ìtanràn 500 dọ́là, wọn yóò sì gba ìwé rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ní ìgbà àkọ́kọ́. Ohio ní irú òfin bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìgbà tí wọ́n bá béèrè ni dandan tó wà.

Nítorí náà, ohun tí mo ń ṣe rèé. Kí n tó kúrò nílé, mo máa ń lọ sórí ìkànnì ọlọ́pàá tàbí ti agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí mo máa gbà kọjá, mo ń ka òfin náà fúnra mi, nítorí pé ohun tí mo mọ̀ lọ́dún tó kọjá lè ti di èké lọ́dún yìí. Bí ìrìn-àjò bá máa dé ibi tí wọn kò gba ìwé mi, inú ilé ni ìbọn ń jókòó. Bí ó bá di dandan kí ó bá mi lọ, òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà láti ọdún 1986 tó gbà kí n gbé e kọjá láti ibi tí ó ti tọ́ fún mi lọ sí ibi tí ó ti tọ́ fún mi, bí kò bá ní ọta nínú, tí òun àti ọta rẹ̀ kò sì sí níbi tí ọwọ́ mi lè tó. Nínú ọkọ̀ tí kò ní búùtù tó dá dúró, inú àpótí tí a tì pa ni kí ó wà, òfin náà sì sọ ọ́ kedere pé píjìnhóòlù kò kún un, bẹ́ẹ̀ ni àpótí àárín àga méjèèjì kò kún un, kódà bí a tì í. Ẹ fi sọ́kàn pé ìrìn-àjò tí kò dúró ni òfin náà wà fún. Kí ènìyàn má lọ sun ọjọ́ méjì nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Newark ní New Jersey, kí ó wá máa pè é ní ìkọjá.

Agbẹjọ́rò Ìwé Ìgbélùú

Mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ náà padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí mo ti rí ẹkún púpọ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò rò ó sí. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ wà fún ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti di ìbọn mú. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ẹni tó wọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà onígbà díẹ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, yálà akẹ́kọ̀ọ́ ni, yálà òṣìṣẹ́ ni, yálà ẹni tó wá kí àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Àwọn àyè kéékèèké kan wà níbẹ̀, bí ìwé àṣẹ ọdẹ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbára lé e láì rí agbẹjọ́rò. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú kankan kò gbọdọ̀ ní in rárá. Ẹni tí ó ní gíríìnì káàdì lè ní in. Kì í ṣe pé ìpínlẹ̀ yín gbà á láìsí ìwé ni ó túmọ̀ sí pé ó tọ́ fún yín. Ìpínlẹ̀ kò lè tú ohun tí ìjọba àpapọ̀ ti so.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi. Àbúrò yín wá láti Ìbàdàn pẹ̀lú físà ìbẹ̀wò, ẹ jọ wà nínú ọkọ̀, ẹ rí iná ọlọ́pàá, ẹ sì ní kí ó bá yín fi ìbọn sínú píjìnhóòlù. Láàárín ìṣẹ́jú kan yẹn, ìbọn ti wà lọ́wọ́ ẹni tí òfin kò gbà kí ó kàn án. Ẹ má ṣe gbé e fún ẹnikẹ́ni, ẹ má ṣe gbé e kúrò níbi tí ó wà nígbà tí iná ti tàn lẹ́yìn yín. Bí ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú, tí ó fi mọ́ ẹni tó ní gíríìnì káàdì, bá sì gba ìdálẹ́bi lórí ẹ̀sùn ìbọn, ó lè jẹ́ ìdí tí wọn yóò fi dá a padà sílé. Nítorí náà, kí ẹ tó gbà láti sọ pé ẹ jẹ̀bi nítorí pé wọ́n ní owó ìtanràn kékeré ni, ẹ kọ́kọ́ bá agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìgbélùú sọ̀rọ̀.

Ohun kékeré mìíràn ni pé sísọ pé ìbọn wà kì í ṣe fífi àyè gbà wọ́n láti tú gbogbo ọkọ̀. Bí wọ́n bá bèèrè fún àyè, ẹ lè fi pẹ̀lẹ́tù sọ pé ẹ kò fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá tú u síbẹ̀, ẹ má ṣe dí wọn lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ ni a ti ń bá ìyẹn jà.

Bàbá Baltimore

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Èmi kò ní ìbọn, ṣùgbọ́n ọdẹ ni bàbá mi ní ẹ̀yìn odi Abẹ́òkúta, ó sì ní ìbọn ṣakabùlà tó so mọ́ ògiri. Ó máa ń sọ fún wa pé ọdẹ tó bá gbúròó ènìyàn nínú igbó lóru, ohùn rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀, kí ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà pè é ní ẹran. Ohun tí ọlọ́pàá ọmọ wa yẹn sọ nípa ọ̀rọ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ni àwọn baba wa ń sọ: ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Èyí tí mo fẹ́ fi kún un ni ìwà tí a gbé wá láti ilé. Ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, bí ọlọ́pàá bá na ọwọ́, awakọ̀ tó gbọ́n a sọ̀kalẹ̀, a kí wọn, a tẹríba, a rìn tọ̀ wọ́n lọ, ọwọ́ á sì tètè wọ àpò. Ìbọ̀wọ̀ ni lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, mo ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: mo ṣí ilẹ̀kùn, mo sọ̀kalẹ̀, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá pẹ̀lú ẹ̀rín, mo ń ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀yìn láti mú ìwé ìwakọ̀ mi jáde. Ó pariwo mọ́ mi débi pé mo jókòó sílẹ̀ lórí kọńkéré. Èmi tí n kò gbé nǹkan kan nìyẹn o. Ẹni tí ó bá gbé ìbọn kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ àfi bí wọ́n bá ní kí ó sọ̀kalẹ̀. Bákan náà, kí tọkọtaya má máa bá ara wọn sọ Yorùbá nígbà tí ọlọ́pàá bá wà lẹ́nu fèrèsé. Èdè wa dùn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ ọ, tí ó sì mọ̀ pé ìbọn wà nínú ọkọ̀, lè rò pé ìmọ̀ràn búburú ni a ń gbà.

Ará Alief, Houston

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àbúrò, mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi lánàá, a sì jókòó sínú ọkọ̀ nínú gáréèjì láti fi dánra wò. Mo fi ọwọ́ lé sítíárìn, òun dúró lẹ́nu fèrèsé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, ìwé ni mo kọ́kọ́ ń wá. Ìgbà kejì, mo sọ ọ̀rọ̀ náà sáré jù. Ìgbà kẹta ni mo tó sọ ọ́ bí ó ṣe yẹ: mo ní ìwé àṣẹ, ohun náà wà ní ìbàdí mi ọ̀tún nínú àkọ̀, ọwọ́ mi nìyí, kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe? Ìyàwó mi náà ti kọ́ ti rẹ̀: ọwọ́ rẹ̀ lé orí pátákó iwájú ọkọ̀, kò ní bá mi sọ̀rọ̀, kò sì ní gbé fóònù láì sọ pé òun fẹ́ gbé e.

Ìbéèrè kan péré ló kù tí mo rò pé mo ti dáhùn fúnra mi. Àkọ́bí wa jẹ́ ọmọ ọdún 17, ó ń wa ọkọ̀ yẹn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè àti ọjọ́rú. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé 18 ní ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́, àyíká ilé ẹ̀kọ́ sì tún ní òfin tirẹ̀, ọmọ náà kò sì ní mọ ohun tí yóò sọ bí wọ́n bá dá a dúró pẹ̀lú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Nítorí náà, ìbọn náà kò tún ní sùn nínú ọkọ̀ mọ́. Mo ra àpótí onírin kan tí mo kàn mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá wa, kí ọmọ náà tó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi láàárọ̀, òun fúnra rẹ̀ yóò kọ́kọ́ ṣí píjìnhóòlù níwájú mi. Ó ṣí i láàárọ̀ yìí. Ìwé ìtọ́nisọ́nà ọkọ̀ àti gíláàsì ojú ìyá rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀.